Kí ẹ tó fi ránṣẹ́: bí a ṣe ń ya òkodoro, òótọ́ àti èrò sọ́tọ̀

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́ níbí, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ kàn sọ pé "Kútọnu ni olú ìlú Benin", kí ẹ sì pa ẹnu yín dé. Ariwo tó máa sọ, ẹ ò ní gbọ́ra yín mọ́. Ọ̀kan á ní irọ́ ni, Àjàṣẹ́ ni olú ìlú, ó wà nínú òfin. Èkejì á ní òfin wo, ṣé Àjàṣẹ́ ni ààrẹ ń gbé ni? Ẹ̀kẹta á ní wọ́n kàn ń fojú tín-ínrín wa ni, ó ti pẹ́. Ẹ wá gbọ́ o, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sẹ́ni tó ń dá ẹnì kejì lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó wà lákọsílẹ̀: òfin ìpìlẹ̀ ti December 11, 1990 sọ ọ́ ní abala àkọ́kọ́ pé Porto-Novo ni olú ìlú. Ẹnì kejì náà ò parọ́, Kútọnu ni ààrẹ àtàwọn mínísítà ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló wà lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀kẹta, èrò ọkàn ẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n á jà di alẹ́ lórí ohun tí kò ní ìjà nínú.

Bí a ṣe lè máa tú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fẹ́ kọ síbí, ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Kò gba ìwé ńlá. Ó kàn gba sùúrù díẹ̀ ni, èyí tí fóònù ò fẹ́ ká ní.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí mẹ́ta yẹn. Òkodoro ni ohun tí èmi àtẹ̀yin lè lọ yẹ̀ wò, tí ohun tí a máa bá níbẹ̀ ò ní yàtọ̀, inú wa ì báà dùn sí i tàbí kó má dùn. Èrò ni ohun tí èèyàn rò: ìdájọ́ ẹ̀, ohun tó wù ú, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la. Òótọ́ wá ni bí nǹkan ṣe rí gan-an, lódindi, yálà a ti mọ̀ ọ́n tàbí a ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ibà ló máa ń jẹ́ kí èyí yé èèyàn kíá. Ẹ̀fọn ti ń gbé ibà káàkiri láti ayé àwọn baba ńlá wa, ó ń dá wa wó ní Kétu, ó ń dá wa wó ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Ṣáájú ìgbà yẹn òótọ́ ti wà, ohun tí èèyàn máa nawọ́ sí pé "òun rèé" ni kò sí. Èrò ló wà: àwọn òyìnbó ń sọ pé afẹ́fẹ́ burúkú inú ẹrọ̀fọ̀ ni, àwa ń sọ pé oòrùn ni, epo pupa ni, àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ẹ sì wò ó o, èrò àwọn òyìnbó yẹn ò jìnnà, torí ibi omi tó dúró ni ẹ̀fọn ti ń pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ pé èrò sún mọ́ òótọ́ ò sọ ọ́ di òótọ́, afẹ́fẹ́ ò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́.

Ó yá.

Àkọ́kọ́: ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́

Ká ní ohùn kan wọlé sórí WhatsApp ẹbí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Ẹ̀yin ará ilé, wọ́n ti tún ti bọ́dà Ìgòlò o, kpayo ti fò sókè láàárọ̀ yìí, àwọn ará Nàìjíríà ò kàn fẹ́ ká jẹun ni, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ebi á ti máa pa èèyàn." Téèyàn bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kí bírò wà lọ́wọ́, ẹ ṣà á bí ẹní ń ṣa ẹ̀wà. Bọ́dà tí wọ́n tì: èèyàn lè lọ wò ó, tàbí kó pe ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Kpayo tó wọ́n: ẹ jáde síta, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta lítà kan, ó tán. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ará Nàìjíríà: àwọn èèyàn yẹn lé ní igba mílíọ̀nù, ta ló wọnú ọkàn wọn lọ wò? Èrò ni. Ebi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ọ̀la ò tíì dé, èrò náà ni, bó tilẹ̀ padà ṣẹ.

Ó ku ọ̀kan tí kò sọ jáde, òun ló sì léwu jù. Ó so bọ́dà mọ́ owó kpayo bíi pé èkíní ló bí èkejì. Ṣé ẹ rántí May 29, 2023, tí ààrẹ tuntun Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán? Kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa níbí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ti bọ́dà torí ẹ̀. Nítorí náà, pé kpayo wọ́n lásán ò lè jẹ́rìí pé wọ́n ti bọ́dà. Nǹkan méjì lè jẹ́ òkodoro kí okùn tí ẹ fi so wọ́n pọ̀ sì jẹ́ èrò yín. Ibi tí mo ti rí i pé àwọn èèyàn ń ṣubú jù nìyí, àní àwọn tó kàwé, bóyá àwọn gan-an ló tiẹ̀ pọ̀ jù torí wọ́n mọ okùn so.

Èkejì: ta ló rí i?

Ẹ má bèèrè bí ọlọ́pàá o. Ẹ kàn ní: "Ṣé ojú yín ló ṣe, àbí wọ́n sọ fún yín?" Tó bá ní ojú òun ni, ẹ bi í níbo àti nígbà wo. Tó bá ní wọ́n sọ fún òun ni, ta ló sọ ọ́, ta ló sọ fún onítọ̀hún? Lọ́pọ̀ ìgbà okùn á já ní ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa dé ọ̀dọ̀ "wọ́n ní". "Wọ́n ní" ò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà fóònù, ẹ ò lè pè é wá jẹ́rìí. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Fọ́tò àti fídíò náà ò bọ́ níbẹ̀. Fọ́tò lè jẹ́ ojúlówó kí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ jẹ́ irọ́: omíyalé ìlú míì, ọdún míì, wọ́n á kọ "Àjàṣẹ́ láàárọ̀ yìí" sí i, ẹ̀rù á ba gbogbo ilé. Ẹ ju fọ́tò náà sínú Google Lens, á fi àwọn ibi tó ti jáde rí hàn yín. Ẹ tún wo inú ẹ̀ dáadáa: pátákó ìtajà, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ ọlọ́pàá, èdè tí wọ́n kọ sára ògiri, irú alùpùpù tó ń kọjá. Ní ti ohùn, ẹ̀rọ ti ń ṣe ohùn èèyàn báyìí tó máa jọ ti ẹni náà pátápátá, torí náà "mo dá ohùn ẹ̀ mọ̀" ò tó ẹ̀rí mọ́. Ẹ lè wo orí Africa Check náà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2012, wọ́n máa ń yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ti ẹnu rárá. Òfin ilẹ̀ Benin ti August 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ti sọ irú ìwé tó ń jẹ́rìí ẹni tó ni ilẹ̀, titre foncier ni, ANDF ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o. "Ilẹ̀ bàbá wa ni" lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, àwọn tó mọ̀ lè wà láàyè, síbẹ̀ tí kò bá sí ohun tí ẹ lè kó síwájú adájọ́, á ṣòro kó tó di òkodoro lójú ẹ̀. Òótọ́ tí kò lẹ́rìí máa ń pàdánù ẹjọ́. Ó dunni, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹni tí àwọn àgbà ilé ẹ̀ ṣì wà láàyè kó yáa tètè lọ gba ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ kó sì lọ ṣe ìwé ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ìgbà wo, ibo?

Òkodoro máa ń ní ọjọ́ àti ibi. Ìwé jọ́gíráfì àtijọ́ kan lè kọ ọ́ pé Kétu wà ní ẹ̀ka (département) Ouémé, pé Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ẹ̀ka Zou. Ọmọ yín á délé á ní irọ́ ni, tíṣà àwọn sọ pé Plateau ni Kétu wà, Collines ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀ka mẹ́fà ni Benin ní tẹ́lẹ̀, òfin ọdún 1999 ló sọ ọ́ di 12, ìwé yẹn ló pẹ́.

Èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti bọ́dà tí Nàìjíríà tì ní August 2019. Ní December 2020 wọ́n ní wọ́n ti ṣí i, àwọn ará Sèmè ń yọ̀, àwọn ará Ìgòlò ń bú wọn pé òpùrọ́ ni wọ́n. Sèmè wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí lóòótọ́. Ìdírókò tó kọjú sí Ìgòlò, April 2022 ni ìjọba Nàìjíríà tó fọwọ́ sí ṣíṣí ẹ̀. Gbólóhùn kan náà, "wọ́n ti ṣí bọ́dà", ó jẹ́ òkodoro ní ibì kan, ó jẹ́ irọ́ níbòmíì tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, láàárín àwọn èèyàn tó jọ ń ná ọjà kan náà. Torí náà tí ọ̀rọ̀ bá dé láìsí ọjọ́ láìsí ibi, ẹ má tíì bínú, ẹ má tíì yọ̀.

Ẹ̀kẹrin: àwọn ọ̀rọ̀ tí èrò máa ń wọ̀ bí agbádá

"Gbogbo ayé ló mọ̀ pé." "Láìsí tàbí ṣùgbọ́n." "Ẹni tó bá lọ́pọlọ á mọ̀ pé." Nígbà tí ẹ bá gbọ́ irú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ èrò, torí ẹni tó ní òkodoro lọ́wọ́ ò nílò gbogbo ayé, á kàn fi hàn yín ni. Ẹ tún ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dájọ́: dára, burú, pọ̀ jù, olójúkòkòrò, ọ̀lẹ, ọ̀dàlẹ̀. "Mèrì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, gba 5,000 séfà lọ́wọ́ mi" ṣeé yẹ̀ wò, ìwé owó á wà. "Mèrì ń fìyà jẹ wá", èrò lèyí. Èrò náà lè tọ̀nà o, mi ò ní kò tọ̀nà, àmọ́ bí a ṣe ń yẹ òkodoro wò kọ́ la fi ń yẹ ẹ́ wò.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà, òun gan-an ló sì ń kó èèyàn sí wàhálà: òkodoro tí wọ́n pe ní èrò. Ẹnì kan á kọ ọ́ sórí Facebook pé "lérò tèmi o, lágbájá jí owó ẹgbẹ́", wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá, á ní haba, èrò mi ni mo sọ. Kì í ṣe èrò. Yálà owó náà wọ àpò lágbájá tàbí kò wọ̀ ọ́. Ẹ fi "lérò tèmi" síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀sùn olè ni. Òfin sì wà lórí ẹ̀ níbí. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì Benin, code du numérique ti April 2018, abala 550, mú ẹni tó dá irọ́ sílẹ̀ nípa èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mú ẹni tó kàn bá wọn pín in: ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà, tàbí owó 500,000 sí 1,000,000 séfà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó pín in, ẹ gbọ́ mi àbí? "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni" ò gba èèyàn sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ wọn èrò, gbogbo èrò ò dọ́gba

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n bá ti gbọ́ pé nǹkan jẹ́ èrò, wọ́n á ní ó tán, kálukú ló ní tiẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Tí ẹ bá ní àkàsà dùn ju àmàlà lọ, kò sí ẹjọ́, ẹnu yín ni. Ṣùgbọ́n tí mẹ́káníìkì tó ti tú ẹ́ńjìnnì láti kékeré bá ní ariwo tí alùpùpù yín ń pa yìí, ó rò pé ṣéènì ni, tí èmi náà bá ní mo rò pé epo ni, àwa méjèèjì la sọ èrò, àmọ́ ẹ máa ya wèrè tí ẹ bá fi tèmi ṣe dọ́gba tiẹ̀. Ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ èrò ni pé: kí ló gbé e dúró? Ṣé ẹni tó ní i mọ iṣẹ́ yẹn? Ṣé èrè kan wà fún un tí ẹ bá gbà á gbọ́? Ẹ sì bi í pé kí ló lè mú un yí èrò náà padà. Tó bá ní kò sí, kò sí ohunkóhun láyé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nǹkan míì.

Ẹ̀kẹfà: kí ni wọ́n yọ kúrò?

Ibi tó ta kókó jù nìyí, torí gbogbo ohun tí wọ́n sọ lè jẹ́ òkodoro kí àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ irọ́ ńlá. Ká ní wọ́n sọ fún yín pé: ọkùnrin yìí ṣí ilé ìyá ẹ̀ lóru, ó gbé àpótí jáde, ó gbé e sórí alùpùpù, ó lọ sí Kútọnu, àtìgbà yẹn ìyá ò rí owó ẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ gbogbo ẹ̀ wò, òkodoro ni. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ìyá ló ní kó wá gbé e, pé àárẹ̀ mú ìyá lóru yẹn, pé owó tó wà nínú àpótí ni wọ́n fi san owó ọsibítù. Kò sí irọ́ kan nínú ìtàn àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó ti ba ọmọ ẹni lórúkọ jẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tí ọ̀rọ̀ bá mú yín bínú sí ẹnì kan láìtíì gbọ́ tẹnu ẹ̀, ẹ mọ̀ pé nǹkan ṣì kù níta, kódà tí ẹ bá ti yẹ gbogbo nọ́ńbà wò.

Ìtàn ìlú ńkọ́?

Wọ́n máa ń bi mí léèrè èyí, torí pé ní ìlú tiwa, ìtàn ò ṣeé fọwọ́ gbá dànù. Ní Àjàṣẹ́, àwa tí a ń sọ Yorùbá ń sọ ọ́ pé ọdẹ mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé ibí, wọ́n rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́, òun ni Aborí Mẹ́sàn-án. Àwọn Gun ń sọ tiwọn pé Tê-Agbanlin tó wá láti Allada ló dá Hògbónù sílẹ̀. Àwọn Potogí dé, wọ́n pè é ní Porto-Novo. Èwo wá ni òótọ́?

Ẹ tú u bí a ṣe tú ti bọ́dà. Pé ojúbọ wà, pé àwọn èèyàn ń sọ ìtàn náà látìran dé ìran, òkodoro ni, ẹ lè lọ bá wọn. Pé ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án jáde gan-an, ẹnikẹ́ni ò lè yẹ ìyẹn wò mọ́. Pé torí náà àwa la ni ìlú ju àwọn yòókù lọ, èrò ni, òun ló sì máa ń fa ìjà, òun náà ni ìtàn ò sọ fúnra ẹ̀. Lójú tèmi, òótọ́ kan wà nínú ìtàn ọdẹ yẹn tí ọjọ́ àti nọ́ńbà ò lè sọ: pé àwọn tó ń sọ èdè wa ka ara wọn sí ọmọ onílẹ̀ níbí, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn mọ̀ ọ́n. Mi ò ní pe ìyá àgbà tó ń sọ ọ́ ní òpùrọ́. Mi ò sì ní gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ láti fi gba ilẹ̀. Bákan náà ni Kétu: pé ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886, òkodoro ni, ìtàn Kétu àti ìtàn Àbọ́mẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ̀bi, ta ló yẹ kó ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní èrò tiẹ̀, ẹ gbọ́ gbogbo wọn, ẹ má kọ ọ̀kan sílẹ̀ bíi pé òun nìkan ló wà.

Èyí tó kẹ́yìn: bí ẹ ṣe máa dá àgbà lóhùn

Gbogbo ohun tí a kọ sókè yìí rọrùn tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló fi irọ́ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ bàbá ńkọ́, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá yín, tó fi ohùn Ìgòlò yẹn sáàárín gbogbo ẹbí? Ẹ ò ní kọ "irọ́ ni" sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má sì fi lẹ́ǹkì ránṣẹ́ láìkíni, ìwà àfojúdi ni, wọn ò tiẹ̀ ní ṣí i. Ẹ kúrò láàárín gbogbo ẹbí, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́tọ̀: "Ẹ káàsán bàbá, ẹ kú ìsọfúnni o. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì pe àbúrò wa tó ń tajà ní Ìgòlò, ó ní bọ́dà ṣí, òun ń tajà lọ́wọ́. Kpayo wọ́n lóòótọ́ bí ẹ ṣe sọ. Ṣé kí n bá yín sọ fún àwọn yòókù ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́?" Ẹ rí i pé mo fi èyí tó jẹ́ òkodoro nínú ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn, mi ò sì fọwọ́ kan èrò wọn nípa Nàìjíríà rárá, ìyẹn dìgbà tí a bá jókòó pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn á pa ohùn náà rẹ́ fúnra wọn láìsọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá pa á rẹ́, ẹ dúró di alẹ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ mọ́.